Ìwé Márùn-ún Kí Ṣọ́bìrì Tó Kanlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

A ti rí iṣẹ́ náà gbà. Bàbá Kékeré wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ yìí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè, ó ju fìlà rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ní ilé ìwòsàn ti yan ilé-iṣẹ́ wa láti kọ́ wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí tuntun. Inú gbogbo wa dùn. Kò-Sí-Wàhálà, tó ń bá wa ra ọjà, pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ fọ́máànù wa, kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wá àga jókòó.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Kékeré tó sọ èyí tó kù. Mátíróònù ilé ìwòsàn ní ṣọ́bìrì kan ò gbọdọ̀ kanlẹ̀ àfi tí òun bá rí ìwé márùn-ún: ìwé àṣẹ, ìwé ààlà, ìwé ojúṣe, ìwé ọjọ́ àti ìwé ewu. Tí kò bá sí ìwé, kò sí kọ́kọ́rọ́ géètì. Bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá mi àti Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀, ti dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ìwé tí a mọ̀ kò ju rìsíìtì lọ. Bàbá Kékeré á bọ ẹni tó ni iṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n á na okùn sórí ilẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Ṣebí ìwọ lò ń jẹ́ akọ̀wé," ni Bàbá Kékeré wí fún mi. "Jókòó kí o kọ ọ́. Kó yá o, òjò ò ní dúró de bírò rẹ."

Mo ra ìwé yìí nígbà tí mò ń lọ sílé. Tí mo bá lè kọ márùn-ún fún ẹlòmíràn, mo lè kọ ẹyọ kan fún ara mi. Nínú rẹ̀, "ó" ni mo máa pe Bàbá Kékeré. Lójú ayé, "wọ́n" ni. Tó bá fi lè kà á, mo gbé.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kejì

Mo lọ wo wọ́ọ̀dù àtijọ́. Bẹ́ẹ̀dì ti kún inú rẹ̀ débi pé wọ́n ti to ìyókù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Garawa wà lábẹ́ àjà níbi mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ òjò kankan ò tíì rọ̀. Obìnrin kan ń rọbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ojú rẹ̀ sì wà lára mi bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́ ní nǹkan.

Mátíróònù kúrú, kì í rẹ́rìn-ín, ó fi aago kọ́ àyà. "Ṣé ẹ rí òrùlé yẹn?" ló bi mí. "Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe la máa ń ti bẹ́ẹ̀dì wọn kiri. Mo fẹ́ kí wọ́n bímọ síbi tó gbẹ lọ́dún yìí."

Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ni mo ti kọ ìwé àṣẹ. Ojú ewé kan péré ni: ìdí tí a fi fẹ́ kọ́lé, àti ẹni tó láṣẹ lórí kí ni. Orúkọ Bàbá Kékeré wà lókè, ti Ẹ̀gbọ́n wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí mo kà á fún Ẹ̀gbọ́n, ó ní, "Wọ́n ti wá gbé orúkọ mi sókè bíi ti ẹni tó ń du ipò." Ó rẹ́rìn-ín títí èémí rẹ̀ fi há. Mo ní kó lọ mu omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kejì

Ìwé ààlà fún mi ní ẹ̀fọ́rí. Ó ní apá méjì, ohun tí a máa ṣe àti ohun tí a ò ní ṣe. Ti àkọ́kọ́ rọrùn: yàrá ńlá kan, yàrá ìgbẹ̀bí méjì, ilé ìwẹ̀, ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì á ti máa na ẹsẹ̀. Apá kejì ni ìjà wà. Mátíróònù fẹ́ táǹkì omi, ó fẹ́ ibi ìfọṣọ, ó fẹ́ báráńdà níwájú kí àwọn ọkọ tó ń dúró de ìyàwó wọn yéé dúró nínú oòrùn. Owó tí ilé ìwòsàn ní ò dé ibẹ̀. Mo wá kọ ọ́ gbangba pé kò sí táǹkì, kò sí ibi ìfọṣọ, kò sí báráńdà. Bàbá Kékeré kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèyàn á kí àlejò káàbọ̀ tán, á tún máa ka ohun tí kò ní fún un jẹ sí i létí?"

"Bàbá, tí a ò bá kọ ọ́, wọ́n á ní a ṣèlérí rẹ̀."

"Ta ló ṣèlérí?"

"Ẹ̀yin ni. Mátíróònù ní ẹ sọ fún òun pé báráńdà kì í ṣe nǹkan bàbàrà."

Ó wo àjà. "Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín la jọ ń rín nígbà yẹn."

Mo wá sọ fún un pé láti òní lọ, ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo tún un sọ fún Kò-Sí-Wàhálà, mo tún un sọ fún obìnrin tó ya àwòrán ilé náà. Bàbá Kékeré mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Tó bá ti fọwọ́ sí nǹkan lọ́dọ̀ tiwa, ó parí. Ta ni yóò dìde sọ fún àgbà pé nǹkan kù nínú ohun tó ti fọwọ́ sí?

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kejì

Kò sí iná láti àná. Yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tán, iye tí wọ́n ń tà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ọwọ́ ni mo fi kọ ìwé ojúṣe àti ìwé ọjọ́, ẹni tó máa ṣe kí ni àti ọjọ́ tó máa parí rẹ̀. Ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ń lẹ̀ mọ́ mi lápá.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kejì

Ìpàdé ìwé ewu. Gbogbo wa jókòó yí tábìlì ká: Bàbá Kékeré, Ẹ̀gbọ́n, Kò-Sí-Wàhálà, ayàwòrán ilé, àti Gíga, àbúrò wa, àbíkẹ́yìn ìyá wa, tó ń ṣe bíríkìlà lábẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Gíga fara ti ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún tó kọjá tó ti sọ fún Bàbá Kékeré lójú àwọn èèyàn pé ògiri tó fọwọ́ sí ti wọ́, kì í jókòó tí Bàbá Kékeré bá wà níbẹ̀.

Mo ní, "Kí ló lè bàjẹ́ níbi iṣẹ́ yìí? Ẹ sọ ọ́ kí n kọ ọ́, kí a wá wo ohun tí a máa ṣe sí i."

Kò-Sí-Wàhálà ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Nǹkan kan ò ní bàjẹ́ lágbára Ọlọ́run."

"Àmín," ni gbogbo wọn sọ. Èmi náà sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

"Òjò lè tètè dé," ni ayàwòrán ilé wí.

"Kò ní tètè dé," ni Bàbá Kékeré fèsì.

"Mo ní ó lè tètè dé ni, Ọ̀gá. Mi ò ní ó máa dé."

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Mo ti kọ̀ ọ́."

Mo béèrè nípa sìmẹ́ńtì. Kò-Sí-Wàhálà ní owó rẹ̀ máa wálẹ̀. Mo béèrè ohun tí a máa ṣe tí ẹnì kan bá já bọ́ látorí àkàbà. Ariwo sọ, oníkálukú ń sọ pé a ò ní rí i, kò ní kan ilé wa. Bàbá Kékeré gbé fìlà rẹ̀. "Ìwé ibi lo fẹ́ kọ yìí. Èmi ò lè jókòó kí n máa ka ibi bí ẹni ń ka owó." Bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn. Àkọlé nìkan ló wà lórí ìwé mi.

Inú bí mi débi pé mò ń dá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ń gun òkè ilé láìdi okùn mọ́dìí, bírò ni wọ́n ń sá fún.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ẹ̀gbọ́n fa àga sún mọ́ mi. "Kọ tèmi," ó ní.

"Kí ni kí n kọ?"

"Bí fọ́máànù ò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, Gíga ni kó gbà á. Kọ orúkọ rẹ̀ gbangba. Bàbá Kékeré ò ní fún un láéláé tí kò bá sí nínú ìwé."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi ní lè ṣiṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Ó ní kí n má gun àkàbà mọ́."

"Ṣé ìyàwó yín mọ̀?"

"Ìwọ ni mò ń sọ fún."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ò ní ṣe yín."

Ó wò mí títí. "Ìwọ náà," ló wí, ó sì dìde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kejì

Mo kọ òjò sínú ìwé ewu. Mo kọ sìmẹ́ńtì tó ń gbówó lórí, mo kọ iná tó ń lọ, mo kọ ọkọ̀ yanrìn tó lè taku lójú ọ̀nà. Nígbà tó kan ti Ẹ̀gbọ́n, mo lọ bu omi mu. Mo padà dé, mo tún lọ bu òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Mátíróònù gba ìwé mẹ́rin láìjanpata. Ó fi ìka tọ ìwé ewu láti òkè délẹ̀, ó yí i padà bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù.

"Akọ̀wé, èèyàn dà níbí?"

Mo ní mi ò gbọ́.

"Òjò wà níbí. Owó wà níbí. Iná wà níbí. Mi ò rí èèyàn kankan. Ṣé irin ló ń bá yín kọ́lé ni? Ṣé èèyàn tiyín kì í ṣàárẹ̀?"

Mo ní Ọlọ́run ń ṣọ́ wa. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú káàdì aboyún kan jáde, ó fi àtàǹpàkò bo orúkọ rẹ̀. "Ẹ wo ibí yìí. Kí obìnrin tó gun bẹ́ẹ̀dì mi, mo ti kọ ohun tó lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ tó lè máa dà. Ọmọ tó fẹ́ fi ìdí wá. Ṣé ẹ rò pé mo kórìíra wọn ni? Torí kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé ni mo ṣe ń kọ ọ́."

Ó ní kí n mú un padà wá lọ́la, kí èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kejì

Mo fẹ́ kọ ọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ kọ ọ́. Mo kọ "Bí fọ́máànù", ọwọ́ mi dúró. Tí mo bá kọ Gíga síwájú rẹ̀, á jẹ́ pé mo ti gbà. Á jẹ́ pé mo ti jókòó sórí àga mi, pẹ̀lú bírò ọ́fíìsì, mo sì ti fi ẹlòmíràn sípò ẹ̀gbọ́n tó gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá wa lọ sóko òwò.

Ohun tí mo wá kọ nìyí: "Bí fọ́máànù kò bá lè tẹ̀ síwájú, ilé-iṣẹ́ yóò wá ẹlòmíràn." Ẹlòmíràn kò ní ojú, kò ní orúkọ. Àárẹ̀ ò lè ti ara ẹlòmíràn wọ ilé wa.

Bàbá Kékeré fọwọ́ sí i bí ẹni tó ń fọwọ́ kan nǹkan gbígbóná. Mátíróònù kà á. "Ta ló ń jẹ́ ẹlòmíràn?" ló bi mí. Mo ní a ó wá a. Ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú.

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kejì

A gba kọ́kọ́rọ́ géètì. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Ìwé márùn-ún, èmi ni mo kọ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n di ìdí okùn kan mú, Gíga di ìkejì, wọ́n sì ń rìn sẹ́yìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ìgbà tí wọ́n máa ń ta okùn aṣọ fún ìyá wa. Ṣọ́bìrì kanlẹ̀ kí oòrùn tó gòkè. Yanrìn ti fi díẹ̀ gbówó lórí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Ìpìlẹ̀ ti parí, ó sì gún régé. Mo gbé omi lọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù ní ibòji ògiri, ojú rẹ̀ ti fún pọ̀, ó ní oòrùn ni.

"Ṣé o kọ ọ́?" ó bi mí.

"Ó wà níbẹ̀."

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó gbọ́ ọ. Lójú ẹsẹ̀ ni ara tu Ẹ̀gbọ́n. Ó pe Gíga wá, ó ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ yẹn, ó ti wà nínú ìwé. Má ṣe bá Bàbá Kékeré fa ohunkóhun. Ìwé ló máa bá ọ sọ ọ́." Gíga wò mí, ó tẹríba díẹ̀, irú èyí tí kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sẹ́yìn òkìtì yanrìn, mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Mo tẹ ojú ewé tuntun, mo kọ orúkọ Gíga sínú rẹ̀, mo gbé e lọ bá Bàbá Kékeré. Kò tiẹ̀ kà á.

"Èyí tí mo fọwọ́ sí ńkọ́?"

"Àtúnṣe díẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé eré ni mo fi ọwọ́ mi ṣe? Tí mo bá ń tún ohun tí mo fọwọ́ sí ṣe, àwọn ará ilé ìwòsàn á ní mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe." Ó dá a padà fún mi. Ó yẹ kí n ta kú. Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo ní, "Ó dáa, Bàbá," mo ká ìwé náà sápò.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹta

Mo lọ sílé Ẹ̀gbọ́n. Ó sùn lórí àga ní ọ̀sán gangan, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ìyàwó rẹ̀ fà mí lọ sí ilé ìdáná.

"Ẹ̀yin Akọ̀wé, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tiyín ló máa ń gbọ́. Mo rí oògùn nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ tí mo fẹ́ fọ̀. Ó ní fún orí fífọ́ ni. Ṣé oògùn orí fífọ́ ló wọ́n tó báyìí?" Ó fi rìsíìtì hàn mí. Ó wọ́n lóòótọ́.

Mo sọ ọ́ fún un, ohun gbogbo tí dókítà wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi mọ̀ ṣáájú òun, ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jí, àwa méjèèjì jọ bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi fún oṣù kan. Ó ní kí òrùlé ṣáà ti gun orí ilé ná, òun á sinmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n ṣubú níbi iṣẹ́. Kì í ṣe látorí àkàbà. Orí ilẹ̀ ló dúró sí, ó ń ka igi òrùlé. Gíga gbé e pọ̀n, ó sá wọ wọ́ọ̀dù àtijọ́ torí ibẹ̀ ló sún mọ́ jù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, láàárín àwọn aboyún. Mátíróònù fúnra rẹ̀ ló ń fún un ní abẹ́rẹ́. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà iṣẹ́ náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, kò gbé e sílẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kẹrin

A ti sin ín. Ilé rẹ̀ kún fún èèyàn, síbẹ̀ ó dá páropáro. Mi ò lè kọ nípa ìyẹn.

Ohun tí mo máa kọ ni ti òní, torí tí mi ò bá kọ ọ́, màá máa bá ara mi jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré mú ọkùnrin kan wá síbi iṣẹ́, ó ní fọ́máànù tuntun nìyí, ó ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣiṣẹ́ rí. Àwọn bíríkìlà ń wo Gíga. Gíga fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú garawa, ó nu ún, ó rìn wá. Kò pariwo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú ìwé."

"Ìwé wo?"

"Ìwé ewu. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ kí wọ́n tó lọ. Akọ̀wé ló kọ ọ́."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ìwé náà wà nínú fáìlì lábẹ́ apá mi. Mo ṣí i. Bàbá Kékeré ní kí n kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́. Mo kà á: bí fọ́máànù kò bá lè tẹ̀ síwájú, ilé-iṣẹ́ yóò wá ẹlòmíràn.

"Ẹlòmíràn náà ló dúró yìí," ni Bàbá Kékeré wí.

Mo ní, "Bàbá, Ẹ̀gbọ́n dárúkọ Gíga fún mi. Ó ní kí n kọ ọ́. Èmi ni mi ò kọ ọ́."

Bàbá Kékeré wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. "Ìwọ lo sọ fún mi pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kò sí níbi iṣẹ́. Àbí ìwọ kọ́?"

Èmi ni. Mi ò lè ní èmi kọ́.

Gíga ò wo Bàbá Kékeré. Èmi ló wò. "Ẹ ní ó wà níbẹ̀," ló sọ. "Ẹ sọ ọ́ lójú Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ ọ́ lójú mi." Ó lọ ká okùn tí Ẹ̀gbọ́n fi máa ń wọn ilẹ̀, ó fi sápò, ó gba ẹnu géètì jáde. Ojú tì mí, mo pa fáìlì dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù kẹrin

Mo pe Gíga. Kò gbé e.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹrin

Òjò dé, ó tètè dé. Ó wà nínú ìwé, ní ìlà àkọ́kọ́, nítorí náà a ti ní tapólì nílẹ̀, a sì ti gbé sìmẹ́ńtì sórí pákó. Àpò kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Kò-Sí-Wàhálà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní orí mi pé. Ó ń dùn ún gan-an pé òun ti sọ nípàdé pé nǹkan kan ò ní bàjẹ́. Mo wọ ilé ìtọ̀, mo sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin

Fọ́máànù tuntun kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ iṣẹ́. Ó kàn ń bi mí ní ìbéèrè lójoojúmọ́: ibo ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí páìpù gbà, kí nìdí tó fi fi fèrèsé yẹn sókè. Gíga ló mọ̀ ọ́n. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé Gíga ti lọ bá àwọn tó ń kọ́ afárá ní ìlú kejì, pé ó fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun àti àwọn ọmọ, pé ara rẹ̀ le. "Ṣé ó béèrè mi?" ni mo bi í. Ó ní, "Ẹ ṣì máa ní sùúrù, Akọ̀wé."

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù karùn-ún

Wọ́n ṣí wọ́ọ̀dù tuntun. Òjò ń rọ̀ gidi nígbà tí wọ́n ń ti àwọn bẹ́ẹ̀dì kọjá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì fi tapólì wa bo àwọn aboyún lórí. Ọmọ àkọ́kọ́ ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin ni, ohùn rẹ̀ le ju ti gbogbo wa lọ. Àwọn ọkọ dúró sínú òjò torí kò sí báráńdà. Ó wà nínú ìwé pé kò ní sí.

Mátíróònù dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ nǹkan kan nípa ìwé. Ó ní, "Ilé náà gbẹ," ó sì fọwọ́ kàn mí léjìká. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ pa ògiri láti igun kan dé èkejì. Mo wò yíká bóyá màá rí ẹni gíga kan nínú àwọn tó dúró sí géètì. Kò wá.

Ọjọ́rú, 28 oṣù karùn-ún

Iṣẹ́ mìíràn ti dé, ilé-ìwé ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ ìwé márùn-ún náà fúnra mi. Lọ́tẹ̀ yìí ìwé ewu ni mo fi ṣáájú. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo kọ ni: "Bí akọ̀wé bá kú." Mi ò kọ "bí kò bá lè tẹ̀ síwájú". Mo kọ orúkọ ayàwòrán ilé síwájú rẹ̀, mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbà. Mo kọ ti fọ́máànù tuntun, mo kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Mo gbé e lọ síwájú Bàbá Kékeré.

Ó gbé bírò. Ó kà á, ó gbé bírò sílẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo.

"Kọ tèmi sí i," ó ní.

Ó ti rù. Mi ò kíyè sí i títí di òní, torí mi ò fẹ́ wo ojú rẹ̀. Mo tẹ́ ìwé náà síwájú mi, mo kọ "Bí Ọ̀gá bá kú".

"Ta ni kí n kọ, Bàbá?"

Ó yíjú sí fèrèsé. Òjò ti dá, ilẹ̀ ìta ṣì tutù. "Ṣé o mọ̀ pé ògiri ọjọ́sí yẹn wọ́ lóòótọ́?" ló wí. Mo ní mo mọ̀. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú fìlà.

"Kọ Gíga."

Mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fún un, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó lọ tán, mo mú fóònù, mo tún pe Gíga láti sọ fún un pé ó ti wà nínú ìwé. Ó dún títí ó fi dákẹ́.